Ẹsẹ̀ Ọmọ Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá há sínú wáyà kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ ní dìsípẹ́ńsárì ni, “Mo sọ fún un kí ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀!” Èmi kò gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé rárá. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí a gbé sórí irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí kò rí ibi fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí ọ̀nà sì ń mì ín jìgìjìgì láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, báwo ni yóò ti ya ẹsẹ̀ pẹ́ tó? Àgbà tí ó gbé e síbẹ̀ ni ó jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn àti Èkó, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ará oko ni. Àwọn ọmọ yín tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní àkókò ìsinmi wà lára àwọn tí à ń di ọgbẹ́ fún. Wọn kò mọ bí a ti í jókòó lẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ onítáyà ńlá tí ó wà lóde báyìí tún dá kún un. Òyìnbó ṣe é láti fi gun òkè ṣeré ni, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣe é fún. Raleigh àtijọ́ ní ìbòrí ṣéènì àti páànù lórí táyà. Èyí kò ní nǹkan kan. Àwa ni a ń jó irin ìjókòó mọ́ ọn. Bí nọ́ọ̀tì bá tú lójú ọ̀nà, irin náà á wó lé táyà, tòun tọmọ.

Ọgbẹ́ yìí ń tan ni jẹ. Táyà á fa ẹsẹ̀ wọlé, á sì fún un mọ́ irin. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ óò rò pé bíbó lásán ni. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, awọ gìgísẹ̀ á dúdú, ẹran ibẹ̀ á kú. Egungun pẹ̀lú lè ti sán.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fa ẹsẹ̀ náà jáde tipátipá. Ẹ tú táyà, tàbí kí ẹ gé wáyà rẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ọgbẹ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé ọmọ wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi iyẹ̀pẹ̀ sí i, ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù sí i. (Ẹnì kan fi gírísì ṣéènì pa á, ó ní ohun tí ó ṣe é ni yóò wò ó sàn!) Inú erùpẹ̀ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, àrùn tí í ti àgbọ̀n ẹni pa. Láàárín ọjọ́ 3 sí 21 ni ó sábà máa ń fara hàn. Nítorí náà, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ dání.

Ní Họ́láǹdì, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń gun kẹ̀kẹ́, òfin kò gbà kí a gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 bí kò ṣe lórí ìjókòó tí ó gbé ẹ̀yìn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ró. Àwa kò ní láti dúró de òfin. Ajórin lè jó irin ìtẹsẹ̀ méjì mọ́ kẹ̀kẹ́, kí ó sì fi páànù bo wáyà lọ́tùn-ún lósì. Bí owó kò bá tíì sí, kí ọmọ máa fi ẹsẹ̀ rìn, kí bàbá rẹ̀ máa ti kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.