Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Fojú Ara Wọn Rí Iyọ̀

Nígbà tí ọjà Àpòmù gbayì, tí ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ń pàdé níbẹ̀, kí ìjínigbé àti ogun Òwu tó dà á rú, iyọ̀ etí òkun wà lára ẹrù tí àwọn Ìjẹ̀bú ń rù gòkè. Lónìí, dòdò Ìkirè tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri kò lè dùn láìsí i. Síbẹ̀, ọmọ Àpòmù tàbí Ìkirè, tí a ti fi iyọ̀ kàn lẹ́nu lọ́jọ́ ìkómọjáde rẹ̀, lè ka kẹ́mísìrì parí ní ilé-ìwé girama láìfojú rí i pé hóró iyọ̀, bí a bá fún un láàyè, a máa dàgbà, a sì máa ní ojú mẹ́fà tó tẹ́jú, tí etí rẹ̀ gún régé.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ojú pátákó ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń da ohun tó yẹ kí wọ́n rí kọ, bẹ́ẹ̀ ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni pé irinṣẹ́ kò tó. Ṣùgbọ́n kí ni mímú hóró iyọ̀ dàgbà ń ná ni? Ìwọ̀n omi 100 mílílítà kò lè gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 36 iyọ̀ lọ. Bí ó bá ti kọ iyọ̀, kí a sẹ́ ẹ, kí a bu díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí a ṣa hóró kan tó mọ́ gaara níbẹ̀ nígbà tó bá yá, kí a fi òwú tín-ín-rín so ó rọ̀ sáàárín omi iyọ̀ tó kù nínú ìgò, kí ó má fara kan ìgò, kí a sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó. Nígbà ọyẹ́, omi a máa tètè gbẹ, hóró a sì ṣùpọ̀ lé ara wọn, wọn a funfun bàìbàì. Nígbà òjò, ó ń falẹ̀, èyí tó dàgbà a sì máa mọ́lẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ọmọ tó bá ń wò ó lójoojúmọ́, tó ń wọ̀n ọ́n, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ti di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Iyọ̀ yìí náà wà lára ohun tí William Bragg àti ọmọ rẹ̀ Lawrence, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìtànṣán ẹ́síréè yẹ̀ wò ní 1913, tí wọ́n fi mọ bí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe tò. Ní 1915 wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel. Ọmọ ọdún 25 ni Lawrence.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ní Ìrẹwọ̀lé àti Ìsọ̀kan, ìjọba ìbílẹ̀ Ìkirè àti ti Àpòmù, mo bẹ̀ yín: níbi tí yàrá sáyẹ́ǹsì bá wà ní títì, ẹ ṣí i ní sáà tó ń bọ̀, kí ẹ sì kó ìgò, òwú àti iyọ̀ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.