Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Akanda Ọmọ Wa Náà Wọ Pápá

Ẹ̀yin gómìnà ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ àti ti eré ìdárayá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín, nítorí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn dé ọ́fíìsì yín.

Ní 2024, ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí Òlíḿpíìkì ní Paris, wọn kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn akanda ẹ̀dá wa lọ sí Paralympics nílùú kan náà, tí wọ́n gba méje, góòlù méjì sì wà nínú rẹ̀. Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gba góòlù nínú gbígbé irin, bó ti gbà á ní Tokyo tẹ́lẹ̀. Ẹniọlá Bọ́lájí gba idẹ nínú badminton. Ọmọ Áfíríkà kankan kò gba àmì ẹ̀yẹ badminton rí ní Paralympics ṣáájú rẹ̀. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Adéoyè Àjíbọ́lá ti sáré gba góòlù méjì ní Barcelona lọ́dún 1992.

Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí irú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí agogo eré ìdárayá bá lù nílé ìwé, ọmọ tí rọpárọsẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ ni wọn yóò ní kó jókòó ti báàgì àwọn yòókù. Tó bá di ọjọ́ íńtáháòsì, tí àwọn ọmọ ń yan bọ̀ nínú aṣọ pupa, aṣọ búlúù, aṣọ àwọ̀ ewé, kò sí eré kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni kò kórìíra rẹ̀ o. Àánú ni tíṣà rò pé òun ń ṣe é, kó má baà ṣubú. Ṣùgbọ́n bí àánú bẹ́ẹ̀ bá pẹ́, ọmọ yóò gbà pé ara òun kò wúlò fún nǹkan kan. Ọmọ tálákà ló sì ń jìyà rẹ̀ jù, torí òbí tó rí já jẹ lè ra kẹ̀kẹ́ arọ tó fúyẹ́, kó sì sanwó fún kóòṣì.

Àwọn kan á ní ìka kò dọ́gba. Lóòótọ́ ni, àmọ́ ta ló tìtorí ìyẹn gé èyí tó kúrú sọnù?

Òfin kúkú ti wà. Oṣù Kìn-ín-ní 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó lòdì sí fífi ẹ̀tọ́ du àwọn akanda ẹ̀dá. Òfin náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lọ sí pápá ìṣeré tó wà níkàáwọ́ yín, kó wò ó bóyá ó lè wọlé, bóyá ó lè rí ilé ìtọ̀ lò. A mọ̀ pé ó ṣeé ṣe: nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fẹ́ gbàlejò ìdíje eré ìdárayá orílẹ̀-èdè ní 2025, wọ́n tún pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàṣẹ kí ilé ìwé ìjọba kankan má ṣe íńtáháòsì láìsí eré tí akanda ọmọ lè bá wọn ṣe. Ẹ wá kóòṣì tó mọṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó kọ ìṣúná, ẹ pe àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ wọ̀nyí jókòó, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọn kò rí lò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ fi ti ilé ìwé ṣáájú, kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án.