Ìpinnu Ilé Aṣòfin: Ṣé Ọ̀rọ̀ Ẹnu Lásán Ni?

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì, tí ó sọdá ọ̀sà sí Gberefu, yóò fi ẹsẹ̀ rin inú iyanrìn títí yóò fi dé etí òkun ńlá. Ọ̀nà yìí ni a mú àwọn tí a tà lẹ́rú gbà, tí wọn kò padà mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2008, ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ìpinnu kan, wọ́n fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà dúdú nítorí oko ẹrú. Ilé aṣòfin àgbà ṣe tiwọn ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2009, ṣùgbọ́n wọ́n fi gbólóhùn kan dè é: ìpinnu náà kò ti ẹ̀sùn kankan tí ẹnikẹ́ni bá pe ìjọba lẹ́yìn, kò sì parí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. (Púpọ̀ nínú àwọn tí a kó ní etíkun wa, Brazil ni wọ́n bá lọ.)

Ǹjẹ́ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ wúlò? Àwọn kan á ní ẹnu dùn-ún rófọ́. Ẹni tí ó ti jókòó ní ilé-kéú kò ní yára sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin fatwa àti ìdájọ́. Mufti a máa dáhùn fún ẹni tí ó bi í léèrè; kádì ni ó ń dá ẹjọ́ tí ẹlẹ́jọ́ kò lè yẹ̀. Síbẹ̀, fatwa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tún ayé wọn ṣe. Bákan náà ni ti Àbújá. Abala 58 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé àbá òfin gbọ́dọ̀ gba ilé méjèèjì kọjá, kí ó sì dé iwájú Ààrẹ fún ìbuwọ́lù. Ìpinnu kò dé ibẹ̀. Èrò ọkàn ilé ni, tí a kọ sílẹ̀.

Ìtàn òwò ẹrú fúnra rẹ̀ fi ojú méjèèjì hàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1792, ilé aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìbò 230 borí 85 pé kí òwò náà dópin díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọlọ́lá ilé kejì fi falẹ̀, ọkọ̀ kò sì yéé kó ènìyàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1806, Charles James Fox tún gbé ìpinnu kalẹ̀, ìbò 114 borí 15. Kò dá ọkọ̀ kan dúró lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò pé ọdún kan tí òfin fi tẹ̀lé e, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1807. Òfin náà pàápàá kò pa òwò ẹrú run lójú ẹsẹ̀ ní etíkun wa.

Ní ilẹ̀ wa, kí ọ̀dọ́ má gbàgbé ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2010. Ààrẹ Umaru Yar'Adua ti wà lórí àìsàn ní Saudi Arabia láti oṣù Kọkànlá ọdún 2009, kò sì kọ lẹ́tà tí abala 145 ń béèrè. Ilé méjèèjì fi ìpinnu sọ Goodluck Jonathan di adelé Ààrẹ. Àwọn agbẹjọ́rò jiyàn, ṣùgbọ́n ìlú tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n tún abala náà ṣe, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí ọjọ́ 21 bá kọjá láìsí lẹ́tà, ìpinnu ilé méjèèjì tó.

Ewu ibẹ̀ ni pé aṣòfin lè fi ìpinnu pa ará ìlú lẹ́nu mọ́, kí ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ etíkun yìí bá gbọ́ pé ilé ti ṣe ìpinnu lórí ọ̀ràn àdúgbò rẹ̀, kí ó wádìí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti kọmíṣọ́nà tí wọ́n darí rẹ̀ sí, kí ó sì kọ̀wé sí aṣojú rẹ̀ láti béèrè ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ yóò jábọ̀.