Ẹni Tó Ń Ra Ẹrù Olè Ló Ń Bọ́ Olè: Ó Yẹ Kí Àwọn Tó Ń Ta Àlòkù Ní Ìwé Àṣẹ



Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tó sì ṣe olè jíjà ní èèwọ̀. 

Ẹ̀yin ará mi nínú Islām, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan ẹni tó ń ta àlòkù, ó kan ẹni tó ń rà á, ó sì kan ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ gbé. Ní Èjìgbò àti àwọn ìlú tó wà lágbègbè rẹ̀, bí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Masífà àti Ìwàtà, ó ṣòro kí a tó rí ilé tí kò sí nǹkan àlòkù nínú rẹ̀. Fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó wà ní ọgbà Èjìgbò fi ń kàwé lè jẹ́ àlòkù. Amúnáwá tí télọ̀ ń lò, ọ̀kadà tí ọ̀dọ́ fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, ẹ̀rọ tí àwọn ìyá wa fi ń lọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí, gbogbo wọn lè jẹ́ àlòkù. Àwọn ará wa tó wà ní Abidjan náà a máa kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ wálé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Òwò hàláàlì ni, òun ló sì ń jẹ́ kí mẹ̀kúnnù rí ohun tí agbára rẹ̀ ká rà.

Ṣùgbọ́n inú ọjà yìí kan náà ni olè ń gbà sọ ẹrù olóhun di owó. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Olè kò lè jẹ gbohùngbohùn mọ́sálásí. Kò lè mu wáyà iná bí ẹni mu ẹ̀kọ. Ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ tó tú lóru kò wúlò fún un nínú yàrá rẹ̀. Ìdí tó fi jí i ni pé ó mọ ẹni tí yóò fún un ní owó kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kò sì ní bi í léèrè ohunkóhun. Bí kò bá sí ẹni tí yóò rà á, ẹrù olè yóò di ẹrù ìnira lọ́rùn ẹni tó jí i. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ sí i?

Nínú Sūratul-Mā’idah, āyah 2, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí á ran ara wa lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ rere àti ìbẹ̀rù Rẹ̀, Ó sì kọ̀ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ àti àbòsí. Ẹni tó fi owó ra ẹrù tó mọ̀ pé wọ́n jí gbé ti ran olè lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ sì ti ṣàlàyé pé rírà kò sọ ẹrù olè di ti ẹni tó rà á. Olóhun ló ni ín síbẹ̀, ẹni tó rà á ni yóò lọ bá ẹni tó tà á fún un gba owó rẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ nǹkan tó sọnù. Bukhārī àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Zayd ọmọ Khālid pé ọkùnrin kan bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa ohun tí èèyàn bá rí he. Ànábì ní kí ó mọ àpò tí nǹkan náà wà nínú rẹ̀ àti okùn tí wọ́n fi dì í, kí ó sì máa kéde rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ẹ̀yin ará mi, ohun tí èèyàn kò jí, tó kàn rí nílẹ̀ ni wọ́n ní kí ó kéde fún ọdún kan yìí, kí ó sì kọ́kọ́ dá àmì rẹ̀ mọ̀. Kí ni a ó wá sọ nípa ẹni tó ra fóònù lọ́wọ́ ọmọ tí kò mọ̀ rí, tí kò wo nọ́ńbà rẹ̀, tí kò béèrè orúkọ ẹni tó tà á, tó sì ti tà á fún ẹlòmíràn kí oòrùn tó wọ̀?

Kíkọ nǹkan sílẹ̀ náà kì í ṣe àṣà àwọn òyìnbó nìkan. Āyah tó gùn jù nínú Al-Kùránì, āyah 282 nínú Sūratul-Baqarah, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí sí òwò ló dá lé. Aṣáájú tó ń bẹ ọjà wò kò sì jẹ́ tuntun. Ànábì fúnra rẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ tí ọkùnrin kan ń tà, ó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì bá ọkùnrin náà wí pé kò fi ibi tó tutù hàn. Muslim ló gbà á wá.

Òfin wà, ṣùgbọ́n àlàfo wà nínú rẹ̀

Òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní ìhà gúúsù Nàìjíríà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Abala 427 sọ pé ẹni tó bá gba ẹrù olè, tó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Ibi tí ìṣòro wà ni “tó sì mọ̀.” Bí ọwọ́ bá tẹ òǹtàjà, ohun tí yóò sọ ni pé, “N kò mọ̀.” Kò sí ìwé, kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́. Olóhun yóò pàdánù ẹrù rẹ̀, òǹtàjà olódodo náà lè sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹrù tó rà pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Ìwé àṣẹ ló lè dí àlàfo yìí, nítorí pé yóò sọ kíkọ̀wé di ọ̀ranyàn fún gbogbo ẹni tó wà nínú òwò náà.

Àwọn ibì kan ti ṣe é. Ní England àti Wales, lẹ́yìn tí jíjí wáyà ojú irin àti òrùlé ilé ìjọsìn ti sú àwọn èèyàn, wọ́n ṣe òfin fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ní ọdún 2013. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Wọn kò gbọdọ̀ fi owó ọwọ́ sanwó irin, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tà á, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ náà fún ọdún 3.

Àwa náà kò níláti dúró de Abuja. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ti fi àbójútó ọjà, ṣọ́ọ̀bù àti kíóósì sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ìwé àṣẹ Èjìgbò béèrè fún kò pọ̀: kí òǹtàjà ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó ta ẹrù fún un, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti NIN rẹ̀ sí, kí ó kọ nọ́ńbà tó wà lára ẹrù náà, ìyẹn IMEI fún fóònù, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásì fún ọ̀kadà, kí ó sì fi ẹrù náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó tà á tàbí kí ó tó tú u palẹ̀.

Ohun tí àwọn kan yóò sọ

Àwọn kan yóò ní, “Owó òde mìíràn tún dé.” Òótọ́ ni pé àwọn òǹtàjà wa ti ń san oríṣiríṣi owó. Nítorí náà, kí owó ìwé àṣẹ yìí kéré, kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí iye rẹ̀ sì wà lójú pátákó ní sẹkitéríàtì kí ẹnikẹ́ni má baà bù lé e. Bí ó bá di ọ̀nà àbẹ̀tẹ́lẹ̀, olè gan-an ni yóò kọ́kọ́ rà á.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Àwọn àjèjì tó ń ra irin kiri ló ń ṣe é.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gba ibẹ̀ lọ. Olè kò ní ẹ̀yà. Ọmọ ìlú tó ń tú wáyà wà, àlejò olódodo tó ń ti ọmọlanke láti àárọ̀ di alẹ́ wà. Àǹfààní ìwé àṣẹ ni pé yóò ya ẹni rere sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni burúkú láìwo èdè tó ń sọ.

Àwọn kan yóò sì ní, “Bí Èjìgbò bá le, olè yóò kó ẹrù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìwó.” Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó jìn a máa dín èrè olè kù, a sì máa jẹ́ kí ojú púpọ̀ rí i. Bí a bá sì bẹ̀rẹ̀, àwọn aládùúgbò wa lè tẹ̀lé e.

Ohun tí o lè ṣe lónìí

Ìwọ ọ̀dọ́, tẹ *#06# lórí fóònù rẹ, kọ nọ́ńbà 15 tó bá jáde síbì kan tí kì í ṣe inú fóònù náà. Tọ́jú rìsíìtì rẹ. Bí wọ́n bá fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ta ohun tó tó ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún fún ọ, tí kò sí páálí, tí kò sí rìsíìtì, tí ẹni tó ń tà á sì ń kánjú, fi sílẹ̀. Ànábì ti kọ́ wa pé kí á fi ohun tó ń mú iyèméjì wá sílẹ̀, kí á mú ohun tí kò ní iyèméjì.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé ohun tí owó rẹ̀ kò ká wọlé, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó kí i kú oríire. Ẹ̀yin òǹtàjà, ẹ má dúró de ìjọba kí ẹ tó ra ìwé àkọsílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ yín sọ ọ́ di òfin láàárín ara yín. Ẹ̀yin lèmọ́mù wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú kútùbà Jímọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mọ́sálásí sára ẹ̀rọ amúnáwá àti gbohùngbohùn rẹ̀.

Ẹni tí ẹrù olè bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mọ̀ pé túúbá lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò pé títí a ó fi dá ẹ̀tọ́ náà padà fún olóhun. Ó sàn kí a dá a padà láyé níbi tí owó ti ń ṣiṣẹ́ ju kí á fi iṣẹ́ rere wa san án lọ́run.

Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì Rẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú hàráàmù. Kí Ó dáàbò bo dúkìá wa, kí Ó sì bùkún òwò àwọn olódodo inú wa. Āmīn.