Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Pa Á Rẹ́
Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà wọ́n bí ojú, tiráńsífá ni gbogbo Nàìjíríà gbójú lé, títí dé Takie l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Báńkì á yọ owó oníbàárà, ọlọ́jà ò ní rí aláàtì.

Lẹ́yìn irú tiráńsífá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan lè wà tí kọ̀ǹpútà rán tí kò jẹ́; irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pàǹtí. Nínú SQS, ètò Amazon tó ń to iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí ìlà, wọ́n lè ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀. Ọjọ́ 14 ló lè pẹ́ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ purge, àṣẹ ìparẹ́, ti kó gbogbo rẹ̀ dànù nìyẹn, kò sì ṣe é kó padà.

Àìbìkítà gbáà ni kí ẹnjiníà tẹ purge láìka iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó wádìí ohun tó fà á, kó fi nọ́ńbà tiráńsífá náà wo bóyá owó ti wọlé, kí wọ́n má baà yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà ló tó lè tún un rán.

Ẹ̀yin ọ̀gá báńkì, owó ìyá aláta lè wà nínú ìlà náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò.