Ilé Ìdáná Ló Kọ́ Ilé Yìí

Nígbà tí àwa ọmọ ìyá mẹ́rin fẹnu kò pé a ó tún ilé wa tó wà ní Ìlá Ọ̀ràngún ṣe, géètì ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní géètì onírin gíga ló yẹ ilé bàbá wa, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé bàbá bímọ. Àbúrò mi obìnrin ní pálọ̀ ni, kí a fi POP ṣe òkè rẹ̀, kí a kó àwọn àga àtijọ́ jáde. Màmá jókòó sáàárín wa, wọn kò dá sí i. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ wo ìkòkò tí wọ́n gbé kaná. Mo tẹ̀ lé wọn.

Èéfín bo gbogbo ojú. Ògiri ti dúdú láti òkè délẹ̀, páànù orí rẹ̀ ti jẹ níbi mẹ́ta, ilẹ̀ ti gbẹ́ kòtò, omi ògì sì dá sínú kòtò náà. Fèrèsé kan ló wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju ibi tí ewúrẹ́ lè ki orí bọ̀ lọ. Inú ibẹ̀ ni owó ilé-ìwé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde.

Ẹ̀kọ ni màmá wa ń sè tà, láti ìgbà tí Ìlá ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kí ògì silẹ̀. Aago mẹ́ta òru ni iná á ti ràn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀kọ ti wà nínú ewé eéran, ó ti ń tutù nínú agbọ̀n. Èérí ni wọ́n fi ń bọ́ ewúrẹ́; nígbà tí owó ilé-ìwé bá tó san, ewúrẹ́ kan á lọ sọ́jà. Owó tísà ni bàbá wa fi ra ilẹ̀ tí a kọ́lé sí, ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ ló kan páànù rẹ̀. Bàbá fúnra wọn sọ ọ́ sí mi létí kí wọ́n tó kú. Bí a bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò ti ń ṣírò, ilé ìdáná yẹn nìkan ni ilé-iṣẹ́ tí ìdílé wa ní. Pálọ̀ kò pa kọ́bọ̀ wọlé rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ìdílé wa. Ẹ rìn káàkiri Ìlá, ẹ dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ẹ ó rí àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó àti obì kọ́ láyé àwọn bàbá wa. Iwájú wọn ń dán: òpó rọ̀gbọ̀dọ̀, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ, irú iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn Àgùdà mú ti Bràsíìlì bọ̀ wá sí Èkó, tó sì rìn títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wá gba ẹ̀yìn wọn. Òkúta mẹ́ta, páànù àlòkù, igi tó ti gbó. Àwọn ilé tuntun tí owó Èkó àti owó òkè òkun ń kọ́ báyìí kò yàtọ̀. Táìlì wà ní pálọ̀, ó wà ní báránda, ó wà lára fẹ́ǹsì pàápàá. Tí ẹ bá dé ẹ̀yìnkùlé, màmá onílé ló jókòó sórí àpótí tó ń fẹ́ná. Ibi tí ojú àlejò ń tó ni à ń náwó sí, a wá fi ibi tí owó ti ń wọlé sílẹ̀ fún èéfín. Àṣìṣe nínú ìṣirò owó ni mo ka èyí sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

Nígbà tí mo dábàá pé ilé ìdáná ni kí a fi táìlì tún ṣe, ẹ̀gbọ́n mi ní ìnákúnàá ni, àti pé àṣà òyìnbó ni. Mi ò gbà fún un. Ní Ilé-Ifẹ̀, kí òyìnbó kankan tó dé, àwọn baba ńlá wa ti ń to àpáàdì sílẹ̀ lóòró, wọ́n ń to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí i láàárín, tí àgbàlá àti ojú ọ̀nà fi gún régé. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Ó ti lé ní 500 ọdún. Àpáàdì náà ṣì wà nílẹ̀. Ìlá wa yìí náà, ẹwà kò ṣàjèjì sí i. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Lámídì Fákẹ́yẹ ní 1928, ọmọ agbẹ́gilére tó di agbẹ́gilére, tí òpó àti ilẹ̀kùn tó fín lọ sí òkè òkun kó tó kú ní 2009. Òpó tí wọ́n fín lọ́nà yẹn, òrùlé ló ń rù. Iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ó sì tún dára lójú. Irú ẹwà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fún ibi tí màmá wa ti ń ṣiṣẹ́.

Ó wá ku owó. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í dá a jọ lóṣooṣù. Àbíkẹ́yìn wa ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí 470 náírà lójú ìwé ìjọba ti kọjá 1,500 náírà láàárín ọdún 2024. Ní oṣù kejì ọdún 2024 kan náà, sìmẹ́ǹtì wọ́n débi pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, wọ́n sì fi àdéhùn sí 7,000 sí 8,000 náírà fún àpò kan. Nígbà tí ọdún fi máa parí, àjọ oníṣirò ìjọba, NBS, ní owó ọjà ti fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹ jẹ́ ká tú u sí owó ọjà: ẹni tó tọ́jú 100,000 náírà sílé ní oṣù kejìlá 2023, nígbà tí oṣù kejìlá mìíràn dé, ohun tí nǹkan bí 74,000 lè rà tẹ́lẹ̀ ló kù tó lè fi rà. Kò sí olè tó wọlé.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi jẹ́ kí owó náà sùn. Bí oṣù bá ti parí, èmi tí mò ń gbé Òṣogbo á ra páálí táìlì méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á bá mi gbé e gba Ìkìrun lọ sí Ìlá. Yàrá bàbá di báńkì wa. Láàárín ìgbà tí mo ra páálí àkọ́kọ́ àti ìgbà tí mo ra èyí tó kẹ́yìn, iye tí wọ́n ń ta mítà kan ti lé ní ìlọ́po méjì. Mo mọ àwọn tó ń ra búlọ́ọ̀kù kalẹ̀ lọ́nà yìí tí kò tíì sí ilé tí wọ́n ń kọ́. Ẹ má pe irú wọn ní òpè. Wọn kò ní ibòmíràn tí owó wọn lè fara pamọ́ sí.

Táìlì tún kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan nípa ọrọ̀ ajé tí mi ò rí kọ́ nínú ìwé. Ní oṣù kẹfà 2015, CBN ka ọjà 41 sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kó wọn wọlé kò ní rí dọ́là gbà lọ́jà ìjọba mọ́. Táìlì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìrẹsì, sìmẹ́ǹtì àti igi ìtayín. Oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí a máa ṣe é nílé, ó sì bọ́ sí i lápá kan: ilé-iṣẹ́ táìlì wà ní Àjàókúta ní ìpínlẹ̀ Kogí, ó wà ní Utesi ní Ẹdó, ó wà ní Ìgbẹsà ní Ògùn níbí. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí mo rà, ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é. Èéṣe tó fi ń wọ́n, tí amọ̀ bá jẹ́ tiwa? Iná tó ń sun táìlì gbọ́dọ̀ kọjá 1,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, kì í sì í kú tọ̀sán-tòru. Gáàsì ni wọ́n fi ń dá a. Inú ilẹ̀ wa ni gáàsì náà ti ń jáde, dọ́là ni wọ́n sì fi ń díye lé e fún ilé-iṣẹ́. Ẹ fi àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sójú rẹ̀, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àti dísù ọkọ̀ kún un. Nígbà tí náírà wó lulẹ̀, owó táìlì Àjàókúta náà lọ sókè. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń fi owó ẹlòmíràn díye lé gáàsì tó ń jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, òfin kan kò ní mú kí ohun tí a ṣe nílé dínwó.

Ríra díẹ̀díẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ mú funfun, nítorí mo rò pé ìmọ́tótó ni. Màmá wò ó, wọ́n ní, “Funfun? Mo ti wo dúdú fún ogójì ọdún, ẹ wá fẹ́ fi funfun dá mi lójú. Ẹ fún mi ní àwọ̀ tó ń sọ̀rọ̀.” Wọ́n fẹ́ pupa bí epo tuntun, wọ́n fẹ́ aró, wọ́n sì fẹ́ àwọ̀ ìyeyè. A bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Ìgbà tí a fẹ́ tò ó ni a rí i pé aró ti oṣù kẹta kò bá aró ti oṣù kẹsàn-án mu: ọ̀kan kún, ọ̀kan sì ṣí. Lára páálí ni wọ́n ti máa ń tẹ nọ́ńbà àwọ̀ sí, torí pé bí iná ti mú u lónìí kọ́ ni yóò mú u lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò wò ó. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Màmá ní kí a kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú àgbàlá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ka: èyí tó kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣí, pupa kan láàárín, ìyeyè yí etí rẹ̀ ká. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti rí bí àdìrẹ.

Ọ̀rọ̀ àdìrẹ yìí ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo dé, bóyá ní Òṣogbo tàbí ní Orílé l’Ékòó, ohun tí wọ́n tẹ̀ sójú táìlì ni òkúta mábù Ítálì, òdòdó Sípéènì àti ọnà Mòrókò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọnà àdìrẹ bí Ìbàdàndùn àti Olókun ti ń bẹ lára aṣọ àwọn ìyá wa láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n pín aṣọ náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ẹni tó ń to táìlì. Láfún tí wọ́n sè bí ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń ya á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sí táìlì lóde òní, àwòrán tí ẹ bá fún un ló máa tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, aládìrẹ wà l’Óṣogbo, wọ́n wà l’Ábẹ́òkúta. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ san owó ọnà wọn fún wọn. Èmi á rà á.

Ọmọ Tógò ló bá wa tò ó. Nínú iṣẹ́ táìlì, àwọn ará Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn níhìn-ín ń wá, nítorí pé wọ́n kọ́ṣẹ́ náà dójú àmì. Owó tí a san fún un tọ́ sí i, títí dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ọmọkùnrin méjì ládùúgbò wa máa bá a gé e, kí wọ́n máa bá a po sìmẹ́ǹtì, ó sì gbà. Bíríkìlà, wẹ́dà àti káfíńtà, ọmọ Ìlá ni wọ́n. Owó géètì ì bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

A kò yá owó. Ní oṣù kọkànlá 2024, CBN gbé èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún; ẹ lè ro iye tí báńkì ń fi lé e nígbà náà kó tó yá ẹni tó fẹ́ tún ilé ìdáná ṣe. Èyí tí wọ́n ń yáni lórí fóònù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí owó táìlì tán tí a kò tíì kan òrùlé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àbúrò mi obìnrin wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló gbà wá.

Fèrèsé méjì tó fẹ̀ ni a kọ́kọ́ yọ, kí a tó lẹ táìlì kan. A mọ ààrò tuntun tó ní ihò tí èéfín ń gbà jáde lórí òrùlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èéfín ìdáná inú ilé pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní ọdún 2020, mo sì ti ń gbọ́ ikọ́ màmá mi láti kékeré tí mo rò pé ohùn wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀rọ wà nínú sìǹkì báyìí. Bí ògì bá ta sí ògiri, aṣọ tútù kan ló máa nù ún kúrò. Wọ́n ń sè ju bí wọ́n ti ń sè tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń sùn di aago mẹ́rin, nítorí pé wọn kì í lọ pọn omi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlá àti Ìgbómìnà yòókù tí ẹ ń bọ̀ wálé lópin ọdún, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó pe wẹ́dà wá wọn géètì, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wọ inú ilé ìdáná, kí ẹ sì bi màmá yín léèrè irú àwọ̀ tí wọ́n fẹ́.