Etí Ajá Ni Ọdẹ Ń So, Kì Í Ṣe Ọrùn Rẹ̀

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí tọmọdé tàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá, ajá ni gbogbo ènìyàn sì ń dá lẹ́bi nínú rẹ̀. Òwe náà dára fún ọmọ ènìyàn tí a ti kìlọ̀ fún títí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ti ajá gan-an ni, ọdẹ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́, nítorí pé a kì í bí fèrè mọ́ ajá. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Okùn kò wúlò fún ajá nínú igbó ọdẹ. Ajá tí a so kò lè lé ọ̀yà wọ inú pápá, okùn yóò sì lọ́ mọ́ ìtàkùn kí ó tó rìn jìnnà. Nítorí náà ni àwọn ọdẹ ṣe ń tú ajá wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣaworo a máa fi ibi tí ajá wà han ọdẹ, ṣùgbọ́n kò lè dá ajá padà. Fèrè ni ń dá a padà, àní ohun tí ajá mọ̀ pé ó wà nídìí fèrè. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti já ọmọ ajá lẹ́nu ọmú ni ọdẹ tí ó mọṣẹ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Yóò fọn fèrè, yóò sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ohùn kan náà lójoojúmọ́, kò ní yí i padà. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, yóò máa tẹ̀ lé àgbà ajá lọ sí igbó. Bí ẹran bá bọ́ sọ́wọ́, ajá yóò tọ́ nínú rẹ̀ wò. Ivan Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904, fi han àwọn ọ̀mọ̀wé pé bí ìró kan bá ń ṣáájú oúnjẹ ajá nígbà gbogbo, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ti gbọ́ ìró náà. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ya ọdẹ kankan lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Àṣà Yorùbá ni láti fi orúkọ ajá pòwe. Ẹni tí aládùúgbò ṣẹ̀ lè sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la tàbí Ẹ̀yìnlàárò, kí ó lè máa sọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì sàn ju ìjà àfojúkojú lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣe fún ajá? Ní òwúrọ̀, bí aládùúgbò bá ti yọjú, “Ẹ̀yìnlàárò!” Ní ọ̀sán, bí ó bá tún kọjá, “Ẹ̀yìnlàárò o!” Ajá yóò sáré dé, kò ní rí oúnjẹ, kò ní rí iṣẹ́, ojú ẹni tí ó pè é kò tilẹ̀ sí lára rẹ̀. Kí oṣù tó parí, yóò ti mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí, yóò sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ máa mi ìrù. Ní ọjọ́ tí ó bá wá ń sáré lọ bá ọmọ ọlọ́mọ lójú pópó, igbe “Ẹ̀yìnlàárò” kò ní dá a dúró. Kò yẹ kí àṣà náà parẹ́. Kí onílé fún ajá ní orúkọ méjì: ọ̀kan fún àdúgbò, èkejì tí ó kúrú, tí a kì í pè láìnídìí.

Pàṣán burú ju èyí lọ. Wọ́n pe ajá, kò wá. Nígbà tí ó padà dé tán, wọ́n nà án. Onílé rò pé àìgbọràn ni òun ń nà án fún. Ajá kò mọ ìyẹn. Ohun tí ó mọ̀ ni pé bí òun ṣe dé ọ̀dọ̀ olówó òun ni pàṣán bà lé òun. Bí wọ́n bá pè é ní ọjọ́ mìíràn, yóò dúró lọ́ọ̀ọ́kán máa wojú. Ajá tí ó pẹ́ dé, tí ó ṣì dé, oúnjẹ ni ó tọ́ sí i, bí inú tilẹ̀ ń bí ẹni tí ó pè é.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú ńlá lónìí, ṣéènì ni ó gba ipò fèrè. Wọn a so ajá mọ́ ẹ̀yìn ilé láti àárọ̀ di alẹ́, wọn a sì tú u sílẹ̀ lóru. Ajá Jámánì ni ọ̀pọ̀ ń rà fún irú ìyà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí Max von Stephanitz dá ẹgbẹ́ ajá náà sílẹ̀ ní ọdún 1899, ajá tí ń da àgùntàn láìsí okùn lọ́rùn ni ó ní lọ́kàn. Ṣéènì kò kọ́ ajá ní nǹkan kan ju ìbínú lọ. Bí géètì bá ṣèèṣì ṣí, ọmọ tí ń ti ilé ìwé bọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ojú eyín ajá kì í sì ṣe ọgbẹ́ lásán: bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur lò ó fún ọmọdé kan tí ajá bù jẹ.

Ẹni tí yóò tú ajá sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Lẹ́yìn náà, kí ó máa pè é nínú ọgbà ilé, kí ó tó mú un dé pápá gbalasa pẹ̀lú okùn gígùn tí ń wọ́ nílẹ̀. Bí ó bá ń jẹ́ ìpè níbẹ̀, kí ó mú un lọ sí ibi tí ewúrẹ́ àti adìyẹ wà. Bí ó bá fi adìyẹ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n pè é, tí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, a lè bọ́ okùn. Bí ó bá jẹ́ adìyẹ ni ó tẹ̀ lé, kí okùn gígùn náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ di oṣù tí ń bọ̀.